Bíbéèrè Ìrànlọ́wọ́ lórí Ìtúpalẹ̀ Rìgírẹ́ṣọ̀n nínú Ètò R: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́ni Yorùbá

Ìfáárà

Nínú orí márààrún tí ó máa ń wà nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, orí kẹrin ni ó sábà máa ń jẹ́ ti ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ ìfáárà, òun ni ó ka iṣẹ́ àwọn aṣíwájú, òun náà ni ó pín ìwé ìbéèrè káàkiri ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ìtúpalẹ̀ dátà, yóò di àwọn ìwé náà sínú ọ̀rá, yóò gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, yóò san owó, yóò sì gba àtẹ tí ó kún fún òǹkà bọ̀ wálé. Àwa alábòójútó a sì bu ọwọ́ lù ú. Ìgbàgbọ́ kan ti wà ní ẹ̀ka wa tipẹ́ pé èdè àti lítíréṣọ̀ ni a ń kọ́, pé àwa kì í ṣe oníṣirò. Ìgbàgbọ́ yìí kò lè gbà wá sílẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí ìkọ́ni ní èdè Yorùbá kò lè ṣe kí ó má bá òǹkà pàdé: máàkì nínú ìdánwò àmì ohùn, iye wákàtí tí ọmọ fi ń sọ Yorùbá nílé, iye ọdún tí olùkọ́ ti lò lẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe ète iṣẹ́ yìí láti sọ olùkọ́ Yorùbá di onímọ̀ ìṣirò. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni bí a ṣe lè béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí rìgírẹ́ṣọ̀n nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ́ R, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ tiwa síbẹ̀. Èrò mi ni pé a lè fa iṣẹ́ ọwọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fa ìbéèrè ìwádìí wa lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ojú mi rí

Nígbà tí mò ń kàwé fún oyè M.A., mo fẹ́ mọ ohun tí ó ń mú kí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama yàtọ̀ síra nínú fífi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ìwé ìbéèrè mi ní àyè fún irú ilé-ẹ̀kọ́: 1 dúró fún ti ìjọba, 2 dúró fún ti aládàáni, 3 dúró fún ti ìjọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa ni ó bá mi tú dátà náà palẹ̀. Kò bi mí ní ohun tí 1, 2 àti 3 dúró fún. Èmi náà kò sì sọ fún un. Àtẹ tí ó fún mi ní òǹkà kan ṣoṣo níwájú irú ilé-ẹ̀kọ́, ìràwọ̀ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà náà. Inú mi dùn sí ìràwọ̀ wọ̀nyí púpọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí irú ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni máàkì ń ga sí i.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, olùyẹ̀wò láti ìta, àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, wo ojú ìwé yìí títí. Ó wá ní, “Jọ̀wọ́, ṣàlàyé fún mi: ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni?” Ẹnu mi wọhò. Ìbéèrè náà kò le rárá. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbólóhùn tí mo kọ kò nítumọ̀ ní Yorùbá, kò sì lè nítumọ̀ ní èdè kankan. Wọ́n dá orí kẹrin padà fún mi, oṣù mẹ́rin ni mo sì fi tún un ṣe. N kò dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lẹ́bi títí di òní. Ohun tí mo ní kí ó ṣe gan-an ni ó ṣe.

Kí ni rìgírẹ́ṣọ̀n?

Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú kí orúkọ yìí gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1886 lórí gíga àwọn òbí àti ti àwọn ọmọ wọn. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ àwọn òbí tí ó ga gan-an máa ń ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìpíndọ́gba, wọn kì í ga tó àwọn òbí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àwọn òbí kúkurú náà kì í kúrú tó àwọn òbí tiwọn. Pípadà sí àárín yìí ni ó fún ìlànà náà lórúkọ. Lónìí, ohun tí a ń fi í ṣe ti kọjá ọ̀rọ̀ gíga ọmọ ènìyàn. A ń lò ó láti sọ iye tí ohun kan máa ń fi yí padà, ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ohun mìíràn bá fi ẹyọ kan yí padà.

Ètò R tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ross Ihaka àti Robert Gentleman ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand. Ẹ̀dà 1.0.0 rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, láìsì jí i. Mo mẹ́nu ba jíjí nítorí ẹ̀dà ayédèrú àwọn ètò olówó ńlá tí ó kún orí kọ̀ǹpútà wa.

Dátà kan wà nínú R fúnra rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cars. Láàárín ọdún 1920 sí 1929 ni a kó o jọ. Ìgbà 50 ni a wọn bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, ní máìlì fún wákàtí kan, a sì wọn iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọkọ̀ náà rìn kí ó tó dúró. Àṣẹ tí a ó tẹ̀ nìyí:

summary(lm(dist ~ speed, data = cars))

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé, èyí tí í ṣe dist, ni ó wà lápá òsì àmì ~. Ohun tí a fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, èyí tí í ṣe speed, ni ó wà lápá ọ̀tún. R yóò fún wa ní òǹkà ìbẹ̀rẹ̀, -17.579, àti òǹkà ìyípadà, 3.932. Èkejì yìí ni ó wúlò fún wa: bí eré ọkọ̀ bá fi máìlì kan lé sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí yóò fi kún ìrìn rẹ̀ kí ó tó dúró. Òǹkà ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Bí a bá kà á bí ó ṣe wà, ó ń sọ pé ọkọ̀ tí kò sáré rárá yóò rin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Irọ́ ni, gbogbo awakọ̀ ni ó mọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé eré tí ó kéré jù nínú dátà náà jẹ́ máìlì 4, èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ 25. Dátà kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan, ìlà tí a fà ni ó kàn ń lọ tààrà kọjá ibi tí ìmọ̀ wa dé. Mo fi ẹjọ́ àpẹẹrẹ yìí sùn yín nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa túmọ̀ gbogbo òǹkà tí kọ̀ǹpútà bá gbé jáde, bí ẹni pé Ifá ni ó sọ̀rọ̀.

Òǹkà mìíràn nínú èsì náà ni 0.6511. Èyí fi hàn pé nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìrìn àwọn ọkọ̀ náà ni a lè fi eré wọn ṣàlàyé. Ohun tí ó ṣẹ́kù láàárín ohun tí a wọ̀n àti ohun tí ìlà sọ ni mò ń pè ní ìyókù. Ẹ̀ka wa kì í ṣe àjèjì sí irú ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ báyìí. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó lànà sílẹ̀ fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ìyókù lọ, n óò gbà á.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwòrán. Ní 1973, Francis Anscombe gbé dátà kéékèèké mẹ́rin jáde, òǹkà 11 sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe rìgírẹ́ṣọ̀n wọn, èsì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá: òǹkà ìbẹ̀rẹ̀ 3, òǹkà ìyípadà 0.5. Ṣùgbọ́n bí a bá ya àwòrán wọn, ọ̀kan tò mọ́ ìlà dáadáa, èkejì tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, ẹ̀kẹta ní àmì kan ṣoṣo tí ó fo sókè tí ó sì fa ìlà tọ̀ ọ́ lọ, ẹ̀kẹrin sì dúró ṣánṣán lójú kan àfi àmì kan tí ó wà lókèèrè. Dátà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú R lábẹ́ orúkọ náà anscombe. Ẹni tí kò bá tíì ya àwòrán dátà rẹ̀ kò tíì ṣetán láti béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ìsọ̀rí kì í ṣe òǹkà

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Irú ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ìsọ̀rí. Òǹkà 1, 2 àti 3 tí mo fún wọn kò ju orúkọ lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú R, a ní láti kọ factor(iru) dípò iru kí ó tó mọ̀ pé ìsọ̀rí ni. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí á kọ ọ̀rọ̀ gan-an sínú dátà, ijoba, aladaani tàbí ijo, nítorí pé R yóò ka ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí láìjẹ́ pé a sọ fún un. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ 99 tí àwọn kan máa ń kọ sí ibi tí ẹni tí a bi léèrè kò ti dáhùn. Bí a kò bá sọ fún R, yóò gbà pé ọmọ ọdún 99 kan wà ní JSS 2. Ẹ kọ NA síbẹ̀.

Níbi tí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ dípò òǹkà, ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ ti àwa tí a ń kọ Yorùbá ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́ta pín dátà kan tẹ̀. Nígbà tí a tẹ table(d$ilu) láti ka iye ènìyàn tí ó ti ìlú kọ̀ọ̀kan wá, Ọ̀yọ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye tirẹ̀. A wo méjèèjì fínnífínní, a kò rí ìyàtọ̀. Ọ̀kan nínú wa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀kan ni Ọ̀yọ́-Ilé, èkejì ni Ọ̀yọ́ Àtìbà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bí ọ́ pamọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ lẹ́tà ọ tí ó ti ní àmì lábẹ́ tẹ́lẹ̀, tí a wá fi àmì ohùn lé lórí. Ó lè jẹ́ ó tí ó ti ní àmì ohùn tẹ́lẹ̀, tí a wá fi àmì sí lábẹ́. Ó sì lè jẹ́ o lásán tí a fi àmì méjèèjì kún. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lójú R, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, rìgírẹ́ṣọ̀n yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀.

Àṣẹ tí ó ń tún èyí ṣe wà nínú àpò iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ stringi:

d$ilu <- stringi::stri_trans_nfc(d$ilu)

Yóò sọ gbogbo wọn di ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ó bá sì jẹ́ pé àlàfo ni ẹnìkan fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, trimws() ni yóò gé e kúrò. Ẹni tí ó ń lo R àtijọ́ lórí Windows, èyí tí ó ṣáájú ẹ̀dà 4.2.0 tí ó jáde ní 2022, tún lè rí i pé <U+1EB9> ni ó hàn níbi tí ó kọ ẹ sí. Àwọn kan máa ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí á kúkú yọ gbogbo àmì kúrò. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún orúkọ òpó dátà, nítorí ó rọrùn láti tẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ maaki àti ilu láìsí àmì. N kò gbà bẹ́ẹ̀ fún dátà fúnra rẹ̀, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jẹ́ ohun tí à ń ṣèwádìí lé lórí. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ di ọ̀kan náà lọ́wọ́ wa.

Bí a ṣe ń béèrè

Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò tí mo máa ń lọ bá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé sí i, ohun tí mo kọ ni pé, “Ẹ kú iṣẹ́. Rìgírẹ́ṣọ̀n mi kò ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.” Ó dáhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ni ẹ tẹ̀? Kí ni ó sọ? Kí ni ẹ retí pé kí ó sọ?” Mo kọ́kọ́ rò ó sí àfojúdi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè sọ. Aláìsàn tí ó bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ó kàn ní ara òun kò yá, tí kò sọ ibi tí ó ń dun òun, oníṣègùn yóò ṣì bi í léèrè kí ó tó já ewé.

Mo tún un kọ báyìí: “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iye wákàtí tí ọmọ fi ń sọ Yorùbá nílé ní í ṣe pẹ̀lú máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò àmì ohùn, bí àwọn ọmọ bá tilẹ̀ wà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 40. Wákàtí jẹ́ òǹkà. Irú ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ìsọ̀rí mẹ́ta. Mo tẹ lm(maaki ~ wakati + iru, data = d). R sọ pé: object 'maaki' not found. Mo retí àtẹ èsì.” Kí n tó fi ránṣẹ́, mo tẹ names(d) kí n lè kọ orúkọ àwọn òpó náà sí i. Maaki ni mo rí, pẹ̀lú M ńlá. R kì í ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ọ̀kan náà. N kò fi ìwé náà ránṣẹ́ mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bí mo ti ń to ìbéèrè ni ìdáhùn ń yọjú.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà ni pé ìsọ̀rí mẹ́ta ni mo ní, ṣùgbọ́n iruijo àti iruijoba nìkan ni mo rí nínú èsì. Níbo ni aládàáni wọlé sí? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ. R mú ìsọ̀rí tí ó ṣáájú ní ètò a, b, d, èyí tí í ṣe aladaani, ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Òǹkà iruijoba sì ń sọ iye tí máàkì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fi yàtọ̀ sí ti aládàáni. Bí mo bá fẹ́ kí ìjọba jẹ́ òṣùwọ̀n, kí n sọ òpó náà di factor, kí n sì lo relevel(). Ẹ wò ó bí ìdáhùn ti kúrú tó nígbà tí ìbéèrè bá dúró sójú kan.

Ẹni tí yóò ràn wá lọ́wọ́ nílò dátà díẹ̀ láti dán an wò. Àṣẹ dput(head(d, 10)) yóò kọ ti ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ jáde bí ó ti rí gan-an, tí a fi lè dà á kọ sínú ìwé. Àṣẹ sessionInfo() yóò sì sọ ẹ̀dà R tí à ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ àwọn ọmọ kúrò ná. Nígbà tí a gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí, a kò sọ pé a ó fi máàkì Àdìó hàn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí á tó lọ bá ẹnikẹ́ni rárá, ẹ tẹ ?lm. Ìwé ìrànlọ́wọ́ R le láti kà, n kò ní tan yín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí àpẹẹrẹ wà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ béèrè, mo sì ti gbọ́ ọ létí mi lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ àti lẹ́nu olùkọ́: “Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí p yóò fi wá sílẹ̀ sí 0.05.” Ẹni tí ó bá yọ ènìyàn mẹ́fà kúrò nínú dátà nítorí kí ìràwọ̀ lè yọ, irọ́ ni ó pa, ì báà jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó bá a tẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bi léèrè báyìí. N kò lòdì sí i. Kì í sú u, kì í sì í fi ènìyàn ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ fún un pé 3 dúró fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, kò lè mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ́sí kò ṣe mọ̀. Yóò sì fi ìgboyà túmọ̀ òǹkà náà fún wa ní gbólóhùn tí ó dùn ún gbọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún kíláàsì

(a) Ẹ ya àwòrán cars pẹ̀lú plot(cars). Ẹ fi òǹkà méjèèjì tí a rí lókè ṣírò iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọkọ̀ tí ó ń sá máìlì 20 fún wákàtí kan yóò rìn kí ó tó dúró. Bí ẹ kò bá rí nǹkan bí 61, ẹ tún ìṣirò yín wò. Ẹ sọ ìdí tí a kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí ó ń sá máìlì 90.

(b) Ẹ mú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan tí a ti fọwọ́ sí ní ẹ̀ka yín, kí ẹ wá òpó kan nínú orí kẹrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ìsọ̀rí ṣùgbọ́n tí a túmọ̀ bí òǹkà. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.

(d) Kí olúkúlùkù kọ ìbéèrè kan lórí dátà tirẹ̀, kí ó má ju ààbọ̀ ojú ìwé lọ, kí ó sì fún ẹni tí ó jókòó tì í. Bí ẹni náà bá ní láti béèrè ohunkóhun kí ó tó lè dáhùn, kí ó kọ ọ́ sí etí ìwé náà, kí oníbéèrè sì gba ìwé rẹ̀ padà láti tún un kọ.